Òdòdó Ẹ̀gbẹ́ Ògiri Wa Nínú Àwòrán Maria Sibylla Merian

Ní ilé tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà ní Ìbàdàn, igi òdòdó kan wà tí bàbá mi gbìn yí àgbàlá ká kí wọ́n tó rí owó mọ ògiri. Àwọn kan ń pè é ní ẹ̀kọ ọmọdé, ṣùgbọ́n Pride of Barbados ni àwọn tí ń ta òdòdó lẹ́bàá títì ń pè é, orúkọ yìí ni ó sì mọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu jù lónìí. Òdòdó rẹ̀ pupa bí ẹ̀yinná, etí rẹ̀ yẹ́lò, ó sì ká wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí etí aṣọ tí ọwọ́ télọ̀ kò tíì kàn. Láti àárín rẹ̀ ni irun pupa gígùn mẹ́wàá ti yọ síta, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ní kóró kékeré lórí. Èmi àti àwọn ẹ̀gbọ́n mi a máa já àwọn irun wọ̀nyí, a ó fi orí èyí kọ́ orí ìyẹn, a ó fà á, ẹni tí orí tirẹ̀ bá já ni a lù. Ìyá mi kò bá wa wí rí nítorí eré yìí. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n máa ń kìlọ̀ fún wa, pàápàá fún àwa ọmọbìnrin, ni pé a kò gbọdọ̀ fi èso rẹ̀ kan ẹnu. Wọn kò sọ ìdí rẹ̀, àwa náà kò sì béèrè.

Ó ti tó ọdún mẹ́ta báyìí tí mo rí òdòdó yìí níbi tí n kò retí rẹ̀ sí. Mo ń wo àwọn àwòrán àtijọ́ tí ó jẹ́ ti ilé ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tí wọ́n kó pamọ́ sí Windsor tí wọ́n sì ti gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ayé láti wò, bí mo ṣe ṣí ọ̀kan nínú wọn ni mo rí igi ẹ̀gbẹ́ ògiri wa. N kò tíì ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ tí mo ti mọ̀ ọ́n. Ọ̀dà olómi ni wọ́n fi yà á, lórí awọ ọmọ màlúù tí wọ́n ti ha títí tí ó fi funfun tí ó sì ń dán, ní nǹkan bí ọdún 1702 sí 1703. Ẹ̀ka kan ni ó dìde gbọọrọ lójú àwòrán náà, pẹ̀lú àwọn ewé wẹ́wẹ́ rẹ̀ tí wọ́n tò ní méjìméjì, àti òdòdó pupa òun yẹ́lò lórí. Ìdin aláwọ̀ ewé kan tí ó sanra bí ìka ọwọ́ wà lára igi náà. Èèpo aláwọ̀ igi tí ìdin náà fi ara pamọ́ sí nígbà tí ó fẹ́ paradà wà níbẹ̀. Àfòpiná aláwọ̀ eérú tí ó ti inú èèpo náà jáde wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí ó ya gbogbo rẹ̀ ni Maria Sibylla Merian.

Ìlú Frankfurt nílẹ̀ Jámánì ni wọ́n bí obìnrin yìí sí, ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1647. Bàbá rẹ̀, Matthäus Merian, jẹ́ ẹni tí ń fín àwòrán sára bàbà tí ó sì ń tẹ ìwé, òkìkí rẹ̀ sì kàn ní ilẹ̀ Yúróòpù nígbà ayé rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́ta péré ni Maria nígbà tí bàbá náà kú. Ìyá rẹ̀ tún ọkọ fẹ́, ọkọ yìí, Jacob Marrel, sì jẹ́ ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ òdòdó yíyà. Òun ni ó kọ́ ọmọbìnrin náà ní búrọ́ọ̀ṣì dídì mú. Ní àwọn ìlú bíi Nuremberg, níbi tí Merian padà gbé nígbà tí ó ti lọ́kọ, òfin ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán kò gba obìnrin láyè láti fi ọ̀dà olóróró ya àwòrán tà. Ọ̀dà olómi ni ó kù fún wọn, òdòdó ni wọ́n sì kà sí ohun tí ó bá ọwọ́ obìnrin mu.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí mi. Nígbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, olùkọ́ tí ó ń kọ́ wa ní iṣẹ́ ọnà wo òdòdó kan tí mo fi ọ̀sẹ̀ méjì yà. Ó ní ọwọ́ mi dára, ṣùgbọ́n ohun ọ̀ṣọ́ aṣọ orí tábìlì ni mo yà yẹn, pé kí n lọ ya ènìyàn bí mo bá fẹ́ kí wọ́n ka iṣẹ́ mi sí iṣẹ́. Mo gbà á gbọ́ fún ọdún púpọ̀. Ìwé àkọ́kọ́ tí Merian fúnra rẹ̀ tẹ̀ jáde, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní ọdún 1675, ìwé òdòdó ni lóòótọ́, àwọn obìnrin tí ń ṣe iṣẹ́ abẹ́rẹ́ sì lè wò ó kí wọ́n fi ṣe ọnà sára aṣọ. Kò tijú iṣẹ́ yìí, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ìlú náà ní òdòdó yíyà àti ọnà abẹ́rẹ́. Àmọ́ ojú tí ó fi ń wo òdòdó yàtọ̀, nítorí pé kòkòrò ni ó kọ́kọ́ gba ọkàn rẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í sin àwọn kòkòrò tí ń hun sílíìkì, tí ó ń fún wọn ní ewé jẹ, tí ó sì ń ya bí wọ́n ṣe ń paradà láti ipò kan sí òmíràn. Ní àkókò yẹn, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ní Yúróòpù ṣì gbà pé inú ẹrẹ̀ àti ohun tí ó ti rà ni kòkòrò ti ń hù jáde fúnra rẹ̀. Ọdún 1668 ni Francesco Redi ní ilẹ̀ Ítálì fi ẹran àti eṣinṣin hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà kò ní ṣòro fún ahunṣọ ilẹ̀ wa kan láti gbọ́ yé, nítorí pé àwọn tí ń ṣe sányán ti mọ̀ tipẹ́ pé kòkòrò ni ó kọ́kọ́ hun òwú wọn kí ènìyàn tó hun ún. Inú igbó ni wọ́n ti ń ká ilé tí ìdin náà fi òwú kọ́ sára igi. Wọn a sè é, wọn a fọ̀ ọ́, wọn a ran án, òun ni ó ń di aṣọ tí a fi ń gbéyàwó.

Ní ọdún 1679, Merian tẹ ìwé kan jáde nípa ìdin àti ìparadà wọn, pẹ̀lú àádọ́ta àwòrán. Ohun tí ó ṣe nínú ìwé yẹn ni ó sọ ọ́ di aṣáájú: lójú ewé kan náà ni ó ya ẹyin, ìdin, èèpo ìparadà, labalábá tàbí àfòpiná tí ó jáde, àti igi tí ìdin náà ń jẹ. Àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ a máa ya òdòdó sọ́tọ̀, wọn a sì ya labalábá sọ́tọ̀ bí ẹni tí ó kó ìlẹ̀kẹ̀ sínú àwo. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Gbogbo wa ni a mọ òwe yìí, ọ̀dàlẹ̀ inú ilé ni a sì máa ń fi bá wí, ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo iṣẹ́ obìnrin yìí ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ bí òtítọ́ nípa ẹ̀fọ́ àti kòkòrò gan-an.

N kò ní pẹ́ lórí ìgbéyàwó rẹ̀. Ó bí ọmọbìnrin méjì, ó kúrò lọ́dọ̀ ọkọ, ó bá ìyá rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ lọ gbé láàárín àwọn ẹlẹ́sìn kan tí wọ́n ń pè ní Labadist ní ilẹ̀ Netherlands, ó sì ti ibẹ̀ lọ sí Amsterdam ní ọdún 1691. Ní Amsterdam ni ó ti rí àwọn kòkòrò òkú tí àwọn olówó ń kó wá láti òkè òkun, tí wọ́n kàn mọ́ inú àpótí, tí ẹnikẹ́ni kò sì lè sọ fún un ibi tí wọ́n ti wá, ohun tí wọ́n jẹ, tàbí bí wọ́n ṣe rí kí wọ́n tó ní ìyẹ́. Ó pinnu láti lọ wò ó fúnra rẹ̀. Ó ta àwòrán 255 láti rí owó ọkọ̀, ó kọ ìwé ìhágún rẹ̀ sílẹ̀, ó sì wọ ọkọ̀ ojú omi ní ọdún 1699 pẹ̀lú Dorothea Maria, èyí àbúrò nínú àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì, lọ sí Suriname ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta ni. Kò sí ọkọ pẹ̀lú rẹ̀, kò sì sí ọba tàbí ilé-iṣẹ́ kankan tí ó rán an.

Abẹ́ ìjọba àwọn Dutch ni Suriname wà nígbà náà, oko ìrèké ni ó sì kún ibẹ̀. Àwọn ènìyàn tí wọ́n kó lẹ́rú láti Áfíríkà ni ó ń gbìn ín, tí wọ́n ń gé e, tí wọ́n sì ń sè é di ṣúgà. Merian kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn olóko fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí pé òun ń wá ohun mìíràn yàtọ̀ sí ṣúgà ní ilẹ̀ náà. Ọdún méjì ni ó lò níbẹ̀ kí àìsàn àti ooru tó lé e padà sí Amsterdam ní ọdún 1701. Nígbà tí ó di ọdún 1705, ó tẹ ìwé ńlá kan jáde ní èdè Dutch àti èdè Látìn, ọgọ́ta àwòrán ni ó sì wà nínú rẹ̀. Òdòdó ẹ̀gbẹ́ ògiri wa ni ìkarùnlélógójì.

Àwọn àwòrán tí wọ́n wà ní Windsor jẹ́ àkànṣe iṣẹ́ tí a ṣe lórí awọ. Wọ́n wà lọ́wọ́ dókítà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Richard Mead, kí ẹni tí ó padà di Ọba George Kẹta tó rà wọ́n ní ọdún 1755. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe wọ́n wú mi lórí. Nígbà tí yíǹkì àwòrán tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ bá ṣì tutù lórí bébà, a ó tẹ bébà náà mọ́ awọ, ìlà fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́ yóò sì hàn lórí awọ náà ní òdìkejì. Orí ìlà wọ̀nyí ni a ó wá fi búrọ́ọ̀ṣì kun ọ̀dà sí. Ohun tí ó ń di ọ̀dà náà mú ni gọ́ọ̀mù Arébíà, oje igi ẹlẹ́gùn-ún kan tí ó ń hù ní etí aṣálẹ̀ láti Senegal títí dé Sudan.

Lẹ́yìn tí mo ti wo àwòrán náà fún oṣù mélòó kan, mo gé ẹ̀ka kan lára igi tí mo gbìn sí iwájú ilé mi, mo fi í sínú ife omi lórí tábìlì ilé ìdáná, mo sì gbé ọ̀dà olómi àti bébà tí ó nípọn kalẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀dà olómi ń kọ́ ènìyàn ni sùúrù pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀, nítorí pé ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá wà, ńṣe ni èèyàn máa fi bébà sílẹ̀ láìkùn. Etí òdòdó yìí ni ó pa mí láyò. Yẹ́lò ni ó yẹ kí n kọ́kọ́ kùn, kí n jẹ́ kí ó gbẹ dáadáa, kí n tó mú pupa wá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo kánjú, pupa sì ṣàn wọ inú yẹ́lò, ó di àwọ̀ ọsàn. Lórí awọ, ọ̀dà kì í wọlé ṣinṣin bí ó ti ń wọ bébà. Òkè ni ó máa ń dúró sí, ìdí nìyẹn tí pupa Merian fi ń tàn títí di òní, ṣùgbọ́n bí omi bá pọ̀ jù, awọ náà yóò ká. Nígbà tí ó fi di ìrọ̀lẹ́, òdòdó inú ife mi ti rẹ̀ dọ̀bọ̀lọ̀, àwọn ewé wẹ́wẹ́ náà sì ti ń pa ojú dé ní méjìméjì bí wọ́n ti máa ń ṣe bí ilẹ̀ bá fẹ́ ṣú. Mo ronú nípa ẹni tí ó ń ya irú èyí nínú ooru Paramaribo, olú-ìlú Suriname, tí ìdin rẹ̀ kò sì ní dúró dè é.

Kì í ṣe gbogbo ohun tí ó kọ ni ó péye. Àwọn onímọ̀ kòkòrò òde òní mọ àfòpiná inú àwòrán yìí, wọ́n sì sọ pé ewé tábà àti ewé tòmátò ni ìdin rẹ̀ sábà máa ń jẹ. Àwọn mìíràn bú u ju bí ó ti yẹ lọ. Nínú ìwé kan náà ni ó ti ya aláǹtakùn ńlá kan tí ó ń jẹ ẹyẹ, wọ́n sì pè é ní irọ́ obìnrin fún ọdún púpọ̀, títí Henry Walter Bates, onímọ̀ kòkòrò ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi kọ ọ́ ní ọdún 1863 pé òun fi ojú ara òun rí irú rẹ̀ ní Amazon.

Ọ̀rọ̀ tí ó kọ sí ẹ̀gbẹ́ òdòdó yìí ni n kò lè gbàgbé. Ó kọ́kọ́ sọ nípa gíga igi náà àti àwọ̀ òdòdó rẹ̀, ó ní àwọn tí ń rọbí a máa lo èso rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó kọ ọ́ pé àwọn obìnrin ọmọ bíbí ilẹ̀ náà, tí àwọn ọ̀gá wọn tí wọ́n jẹ́ Dutch ń fìyà jẹ, ń fi èso náà ṣẹ́ oyún, kí ọmọ wọn má baà di ẹrú bíi tiwọn. Ó ní àwọn ẹrú aláwọ̀ dúdú tí wọ́n kó láti Guinea àti Angola, àfi kí a tọ́jú wọn dáadáa, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọn kò ní gbà láti bímọ sínú ẹrú. Pé àwọn mìíràn tilẹ̀ ń gba ẹ̀mí ara wọn nítorí ìyà tí ó pọ̀, nítorí wọ́n gbà gbọ́ pé àwọn yóò tún ayé wá ní ilẹ̀ tiwọn, ní òmìnira. Ó sì parí rẹ̀ pé ẹnu wọn gan-an ni òun ti gbọ́ ọ.

Guinea ni orúkọ tí àwọn Òyìnbó ń pe gbogbo etíkun wa nígbà náà, àwọn Dutch sì ń ra ènìyàn ní Àlàdá, ní ibi tí ó di orílẹ̀-èdè Olómìnira Benin lónìí. Yétúndé ni orúkọ mi. Oṣù mẹ́rin kí wọ́n tó bí mi ni ìyá bàbá mi kú. Títí mo fi ka ojú ewé yẹn, orúkọ ẹlẹ́ṣọ̀ọ́ ni mo ka orúkọ mi sí, orúkọ tí a fi ń tu ọlọ́fọ̀ nínú. N kò ronú rí pé ẹnì kan lè di ìgbàgbọ́ yẹn mú bí ẹni di okùn mú nínú kànga, kí ó ní òun yóò padà, pé ilé ni òun yóò padà sí, àti pé kò ní sí ṣẹ́kẹ́ṣẹ̀kẹ̀ lọ́rùn òun. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà ni mo padà sí àwòrán náà, mo sì rí i pé òdòdó kan náà ni, pupa òun yẹ́lò, kò yí padà.

Inú mi dùn sí Merian fún gbólóhùn yẹn, mo sì bá a jà nínú ọkàn mi. Ó gbọ́ ohun tí àwọn obìnrin náà sọ, ó kọ ọ́, ó sì fi í sí ẹ̀gbẹ́ òdòdó tí ó mọ̀ pé àwọn olówó Yúróòpù yóò rà. Ṣùgbọ́n òun náà lo ẹrú. Ó kọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé òun rán àwọn ẹrú òun ṣáájú pẹ̀lú àáké láti la ọ̀nà fún òun nínú igbó. Àwọn ni wọ́n ń mú ìdin wá fún un, tí wọ́n ń sọ ohun tí yóò jáde nínú rẹ̀ fún un. Nígbà tí ó ń padà, ó mú obìnrin onílẹ̀ kan dání lọ sí Amsterdam. Orúkọ obìnrin yẹn kò sí nínú ìwé náà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ti ẹnikẹ́ni nínú àwọn tí ó bá a sọ̀rọ̀ nípa èso yìí. Orúkọ Merian wà lára owó bébà 500 Mark tí ilẹ̀ Jámánì ná títí di ìgbà tí owó Euro dé, pẹ̀lú àwòrán ojú rẹ̀.

Òpìtàn Londa Schiebinger ti fi hàn pé wọ́n kó òdòdó náà wọ ọgbà àwọn ọlọ́lá ní Yúróòpù, wọ́n gbìn ín, wọ́n yìn ín, ṣùgbọ́n wọn kò gba ìmọ̀ àwọn obìnrin náà nípa rẹ̀ wọ inú ẹ̀kọ́ ìṣègùn wọn. Ẹwà rẹ̀ ni wọ́n gbé kọjá òkun. Bí ó ṣe di igi ọgbà ní gbogbo ilẹ̀ olóoru nìyẹn, tí ó fi dé etí ògiri wa ní Ìbàdàn, tí àwa ọmọdé sì ń fi irun rẹ̀ ta ayò.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo pe ìyá mi lórí fóònù. Lẹ́yìn tí mo ti kí wọn tán, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ló dé tí ẹ kì í jẹ́ kí á fi èso òdòdó ẹ̀gbẹ́ ògiri yẹn kan ẹnu?" Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Kí ló mú ọ rántí ìyẹn?" Mo sọ fún wọn pé mo rí i nínú àwòrán kan ni. Wọ́n wá ní, "Ó ń ba oyún jẹ́. A kì í sọ ọ́ létí ọmọdé. Ìyá mi ló kìlọ̀ fún mi, ìyá tiwọn ló kìlọ̀ fún àwọn náà. Kí o tó tó ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún, o ti lọ sí yunifásítì."

Mo béèrè orúkọ ìyá ìyá wọn yẹn, nítorí pé n kò gbọ́ ọ rí. Wọ́n sọ ọ́ fún mi, wọ́n sì ki oríkì rẹ̀ tẹ̀ lé e, tí ohùn wọn sì yí padà bí ti ẹni tí ó ń pe ènìyàn láti yàrá kejì. Mo fi pẹ́ńsù kọ orúkọ àti oríkì náà sí igun ìsàlẹ̀ bébà mi, lábẹ́ ibi tí pupa ti ṣàn wọ inú yẹ́lò.